Láyọ̀ Ò Tètè Mọ Kọ̀m̀pútà

Òṣìṣẹ́ ilé búrẹ́dì ń tira wọn, kálukú fẹ́ rí kọ̀m̀pútà tí Alhaja Rokibat ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.

Láàárín èrò yẹn ni ojú Ismaeel àti ti Láyọ̀ ti ṣe mẹ́rin.

Ọkàn Ismaeel yọ́ bí bọ́tà lórí búrẹ́dì gbígbóná.

Òṣogbo ló ti wá kọ́ Láyọ̀ ní kọ̀m̀pútà. Ọjọ́ tí Láyọ̀ bá mọ bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀m̀pútà ṣe ìṣirò ọjà, ọjọ́ náà niṣẹ́ rẹ̀ parí ní Ìwó.

Ṣùgbọ́n ohun tí Láyọ̀ bá kọ́ láàárọ̀, ó ti gbàgbé ẹ̀ lọ́sàn-án.

"Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀ọ̀dá, ẹ tún un ṣe kí n wò ó."

Akọ̀wé àgbà, tó ti ń fi bíírò ṣe ìwé Alhaja láti ogún ọdún, ń wò wọ́n.

Lọ́sẹ̀ kẹta, Ismaeel yọ sí Láyọ̀ lójijì. Ìka ọmọge ń sáré, ó ti parí ìṣirò oṣù kan gbáko!

Háà! Ó ń díbọ́n kí n má baà lọ ni! Ìfẹ́ mà nìyí o!

Ó sáré lọ yìn ín lọ́dọ̀ Alhaja kí wọ́n lè gbé e ga.

"Alhaja, Láyọ̀ ti mọ̀ ọ́n, ó tiẹ̀ jù mí lọ!"

"Alhamdulillah! Ohun tí mo ti ń retí nìyẹn."

Omi lé ròrò sójú Láyọ̀. Ismaeel rò pé ẹkún ayọ̀ ni.

Alhaja fa lẹ́tà kan yọ nínú báàgì. Ọjọ́ tí kọ̀m̀pútà dé ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́.

"Láyọ̀, mú un fún bàbá rẹ. Kí wọ́n máa lọ sinmi nílé."

Láyọ̀ kúnlẹ̀. Akọ̀wé àgbà na ọwọ́, ó gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀.