Ẹyẹ Tí Ọ̀gbẹ́ni Maki Rí

Ìròyìn àkọ́kọ́ lọ́dún náà dé sórí fóònù Geneva Tuttle ní aago méje òwúrọ̀, nígbà tí yìnyín kò tíì yọ́ tán létí adágún. Orrin Maki ló fi ránṣẹ́: ó ti rí lékeléke inú eèsún ní àbàtà Kestner tó wà létí adágún náà, níwájú odi amọ̀ tó sé omi lápá àríwá.

Geneva gbé ife kọfí rẹ̀ sílẹ̀. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣọ́ ẹyẹ nílùú náà. Bí òtútù bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ẹyẹ tó ń ti gúúsù bọ̀ á ta àwọn yòókù lólobó, Geneva á sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹyẹ dúdú eléjìká pupa ló sábà máa ń ṣíwájú, pẹ́pẹ́yẹ á tẹ̀ lé e. Lékeléke inú eèsún kì í dé títí oṣù Kẹrin á fi wọlé, oṣù Kẹta sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ kan ni. Àwọ̀ koríko gbígbẹ ni ẹyẹ náà ní. Bó bá gbúròó èèyàn, á nà gbọọrọ sáàárín eèsún, kò ní mira, ojú á sì fò ó.

Kó tó di aago mẹ́sàn-án, èèyàn mẹ́rìnlá ti tò sórí odi pẹ̀lú awò ìwòkèèrè. Orrin, arúgbó ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, ń pín ibi tí kálukú máa wò fún wọn.

"Ẹ má wojú ọ̀run o," ló ń wí. "Ìdí eèsún ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ rọra, ẹ má fo ibì kankan. Kò ní mira."

"Bàbá, báwo ló ṣe tóbi tó?" Dell Pruitt ló béèrè. Ọkọ̀ ojú omi ni Dell ń tún ṣe, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ.

"Ó lè tóbi ju bó o ṣe rò lọ."

"Ṣé ẹyẹ ni àbí màlúù?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Orrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n wò títí oòrùn fi kàntàrí, ẹnikẹ́ni ò rí nǹkan kan.

Ọdún kẹfà rèé tí irú ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́, etí ìlà oòrùn ni. Lọ́dún kejì, ẹ̀gbẹ́ afárá kékeré inú àbàtà. Orrin kò pè wọ́n síbì kan náà lẹ́ẹ̀mejì rí. Ohun kan náà ni Geneva máa ń kọ síwájú orúkọ rẹ̀: kò dájú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nílé oúnjẹ, Dell ti àwo páì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ jẹ́ ká pe nǹkan lórúkọ tó ń jẹ́. Òpùrọ́ ni bàbá yẹn. Ọdún mẹ́fà gbáko! A ti di ẹni yẹ̀yẹ́ lẹ́nu ẹgbẹ́ ìlú kejì. Ẹ yọ ọ́, ó parí."

Geneva ni wọ́n rán láti lọ sọ fún un.

Ó bá Orrin nínú ọkọ̀ rẹ̀ létí àbàtà, tó ká gíláàsì fèrèsé sílẹ̀ nínú atẹ́gùn tútù. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni Orrin kó wá láti àríwá, láti òdìkejì afárá ńlá, òun nìkan. Ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tó gbé e wá.

"Ọ̀gbẹ́ni Maki, báwo ni lékeléke inú eèsún ṣe máa ń ké?"

Orrin yíjú sí omi. Ẹyẹ dúdú kan tí ẹnu rẹ̀ funfun ń lúwẹ̀ẹ́ lọ níwájú wọn.

"Ìyẹn ńkọ́, kí ni wọ́n ń pè é?"

"Pẹ́pẹ́yẹ ni."

"Kì í ṣe pẹ́pẹ́yẹ. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní kíláàsì kejì mọ̀ ọ́n. Ẹ ò mọ ẹyẹ kankan, àbí?"

"Mi ò mọ ìkankan."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ń pè wá sínú òtútù?"

Orrin wo eèsún náà.

"Ẹ̀yin lẹ mọ nǹkan í wò," ló ní. "Wíwá nǹkan máa ń tètè sú ọ̀pọ̀ èèyàn, Geneva. Kì í sú ẹ̀yin." Ó na ìka sí apá gúúsù. "Igun gúúsù ló kù, níbi ẹ̀rọ ìfami àtijọ́. Kí eèsún tuntun tó hù, ẹ bá mi wo ibẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kó o yọ orúkọ mi."

Ó yẹ kí Geneva kọ̀. Fún ọgbọ̀n ọdún, irọ́ kankan ò tí ì wọnú ìwé Geneva. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà, orúkọ ara rẹ̀ ló fi ránṣẹ́ sí gbogbo wọn: òun rí ẹyẹ náà ní igun gúúsù.

Èèyàn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló jáde lọ́jọ́ Sátidé. Dell náà wá, kó lè fojú ara rẹ̀ rí bí ìtìjú ṣe máa mú Orrin. Ìkùukùu bo omi. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́ ń ké kọjá lókè orí wọn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rí wọn, kò sì sẹ́ni tó gbójú sókè, torí Geneva ti sọ fún wọn pé ìdí eèsún ni kí wọ́n wò.

Ó tó wákàtí kan. Dell ń dápàárá lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ dá mọ́ ọn lẹ́nu. Ó gbójú kúrò nínú awò, ó nu gíláàsì rẹ̀, ó tún wò.

"Geneva." Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ẹ wá wò ó. Ìdí eèsún, lápá òsì ẹ̀rọ yẹn."

Geneva bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ojú lé awò. Kì í ṣe ẹyẹ ló wà níbẹ̀, egungun èèyàn ni, nínú ẹ̀wù òtútù tó ti gbó. Ìkan lẹ́yìn ìkan, àwọn yòókù náà wò, wọ́n sì sọ awò wọn kalẹ̀.

Orrin Maki nìkan ni kò wò ó. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó sì sọ fún wọn pé ọmọ òun ni, pé Toivo ló ń jẹ́, tó wá pẹja lórí yìnyín adágún yìí nígbà òtútù tó ṣáájú ọdún tí òun kó dé, tí àwọn ọlọ́pàá fi ọjọ́ mọ́kànlá wá tí wọn ò rí i, kí wọ́n tó padà sílé.