Àkísà Lára Àjàrà Ìyá Ramlat

Ọyẹ́ ọdún 1978 ni ikán wọ gbòǹgbò igi àjàrà Edith. Edith ló gbìn ín sí ẹ̀yìnkùlé wọn ní Niger Street kó tó kú. Bí igi náà bá kú, kò sí ohun tí ọwọ́ Edith gbìn mọ́ láyé, Adékọ̀yà ọkọ rẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní òdìkejì ògiri kúkúrú ni àjàrà Amudat, ìyá Ramlat, wà. Èso tirẹ̀ kíkan ni, àwọn ọmọdé pàápàá kì í jí i ká. Síbẹ̀, ikán kì í fẹnu kàn án.

Adékọ̀yà ń da eérú sídìí igi lọ́jọ́ kan, atẹ́gùn sì ń fẹ́ ẹ padà sí i lójú. Amudat yọjú lórí ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Sannu o, Bàbá Henry. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀ o! Àwọn ẹ̀ka tí ẹ gé sọ́hùn-ún yẹn, ṣé mo lè mú níbẹ̀?"

"Ẹ kó gbogbo rẹ̀. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?"

Ẹyọ kan tó ṣì tutù ló mú. Ó gé àjàrà tirẹ̀ náà kúrú, bí gbogbo èèyàn ti ń ṣe lásìkò ọyẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Adékọ̀yà rí àkísà pupa tó so mọ́ ara àjàrà Amudat, níwọ̀n orúnkún. Ó fura sí oògùn. Alàgbà ìjọ ni, ojú tì í pé irú èrò bẹ́ẹ̀ wá sí òun lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ ààlè? Obìnrin yìí ló ń lé ikán sídìí igi òun. Ó rántí ọ̀rọ̀ eérú, kò sì pa á lẹ́rìn-ín mọ́.

Kó lè dá a lójú, ó bu ikán pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀, ó dà á sídìí àjàrà Amudat. Ikán ò ge gbòǹgbò náà jẹ. Wọ́n gba abẹ́ ògiri padà sídìí ti Edith.

Nígbà tí òjò dé, àjàrà Edith ti kú. Ti Amudat yọ ewé tuntun, etí ewé náà sì pọ́n, bí ti Edith ti máa ń pọ́n. Ìyẹn ló bí i nínú jù.

Lọ́jọ́ Àìkú tí Amudat lọ sí àsàlátù, Adékọ̀yà ní orí ń fọ́ òun, kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbé omi iyọ̀ kaná, ó sì dà á sídìí igi náà. Ojú ti ń tì í kí ìkòkò tó gbófo, ṣùgbọ́n ó dà á tán.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí Amudat fi wá kanlẹ̀kùn, tòun ti omijé. Igi gbígbẹ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, àkísà ṣì wà lára rẹ̀.

"Wallahi, Bàbá Henry, mi ò mọ ohun tó ṣe é. Mo ní kó so ná, kí n tó sọ fún yín ni."

"Kẹ́ ẹ sọ kí ni?"

Ó tú àkísà náà, Adékọ̀yà sì rí ojú àpá ibi tí Amudat ti lẹ ẹ̀ka tútù tó mú nínú àjàrà Edith mọ́ kùkùté tirẹ̀ kó lè hù níbẹ̀, bí wọ́n ti ń lẹ ẹ̀ka ọsàn mọ́ kùkùté ọsàn mìíràn lóko bàbá Adékọ̀yà, nítorí gbòǹgbò tirẹ̀ ni ikán kì í jẹ.