Oògùn Ikọ́ Alhaji

"Ẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà!" Alábẹ̀wò ìjọba taari Ọ̀jọ̀gbọ́n Simeon sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì wọ yàrá tí yunifásítì kan ní Ìgàndò ń kó ẹranko ìwádìí sí. Ehoro mélòó kan ti kú nínú àgò. Àwọn tó kù ń ṣẹ̀jẹ̀ nímú, wọn ò sì lómi.

"Ta ló rán ẹ wá?" Ọ̀jọ̀gbọ́n, tó ń darí ìwádìí náà, jágbe mọ́ ọn. "Obìnrin aláìnítìjú!"

Alhaji Ṣàíbù, tó ni oògùn ikọ́ ọmọdé tí wọ́n ń dán wò lára àwọn ehoro náà, dìde. "Madam, ẹ jáde jàre. Oògùn yìí máa dé ọjà lóṣù yìí."

"Kò ní dé ibì kankan. Mo ti dá iṣẹ́ yìí dúró."

Alhaji bú u, ó bú ìyá tó bí i, ó sì fìbínú wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Alábẹ̀wò kọjú sí Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó ń retí èébú tiẹ̀. Àmọ́ ọkùnrin náà ti ń bu omi fún àwọn ehoro.

"Ẹ má bínú, mà," ló wí. "Èmi ni mo fi fóònù ta yín lólobó láìdárúkọ. Alhaji ní tí mo bá sọ̀rọ̀, òun á pa àwọn ọmọ mi."