Wọ́n Á Pàdé ní Aago Mẹ́ta

Sátidé kẹta rèé tí Déwálé wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí oòrùn tó kan àtàrí. Ìbídùnní ìyàwó rẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé wọn ní Galtimari lókè ọya, ó sì gbọ́ bí ọkọ rẹ̀ ti rẹ ohùn sílẹ̀ lórí fóònù.

"Wọ́n ti ń sún mọ́ra. Kò ní ju aago mẹ́ta lọ, wọ́n á pàdé. Dúró dè mí."

Ó fi lọ́fínńdà sára, ó ní iṣẹ́ ẹyin ń dúró de òun ní yunifásítì, níbi tí ó ti ń kọ́ni nípa bí ọlẹ̀ ṣe ń dàgbà. Ìbídùnní kò gbọ́ ọ rí pé ẹyin ń gbóòórùn lọ́fínńdà. Ó di ẹrù Ọ̀rẹ̀fẹ́, ọmọ wọn, mọ́ tirẹ̀. Bí ohun tó fura sí bá jẹ́ òótọ́, Ẹdẹ ni àwọn méjèèjì máa sùn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

"Hajiya, sai ina?" ni oníkẹ̀kẹ́ bi í.

"Yunifásítì. Maza-maza!" Ìbídùnní ní kó ṣe kíá.

Kò kan ilẹ̀kùn yàrá ìwádìí ọkọ rẹ̀ kó tó wọlé. Déwálé àti Theresa, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, jókòó, èjìká kan èjìká, wọ́n tẹrí ba sórí ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá lójú.

"Ìyá Ọ̀rẹ̀fẹ́! Ta ló kú?"

"Kò tíì sí. Àwọn wo ló fẹ́ pàdé?"

Déwálé bú sẹ́rìn-ín. Theresa kúnlẹ̀ kí i, ó sì fa àga fún un. "Ẹ wá wò ó, mà. Ọlẹ̀ adìyẹ ni."

Ìbídùnní rí nǹkan pẹlẹbẹ kan bí ewé, tí etí rẹ̀ méjèèjì dìde.

"Àwọn sẹ́ẹ̀lì ń rọ́ wá sí àárín bí èrò tó fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà kan," ni Déwálé wí. "Ìyẹn ló ń mú kó gùn, kó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn mìíràn á fún orí wọn pọ̀, ewé náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Tí etí méjèèjì bá pàdé, ó di ọ̀pá oníhò. Inú rẹ̀ ni ọpọlọ àti okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn ti ń wá."

"Kí ló dé tó jẹ́ Sátidé ṣáá?"

"Àárọ̀ Jímọ̀ la máa ń kó ẹyin sínú àpótí tó ń sàba yẹn. Ó di ọ̀sán ọjọ́ kejì kí wọ́n tó pàdé."

Oòrùn ojú ọ̀nà ti pa Ìbídùnní. Ó fara ti àpótí irin funfun tí Déwálé tọ́ka sí, ara sì tù ú.

"Ọlẹ̀ náà kò mira," ni ó wí.

"Díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ, mà," ni Theresa dáhùn. "Ojú kì í tètè rí i."

Ojú ti Ìbídùnní. Ó bẹ ọkọ rẹ̀, ó bẹ Theresa, ó ní kí wọ́n máa bá iṣẹ́ lọ, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Nígbà tó délé, ó tú ẹrù tó dì, ó se ẹ̀wà, ó bu ti Déwálé tó kún dẹ́nu.

Láàárọ̀ Sọ́ńdè, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ àgbébọ̀ tó ń sàba lẹ́yìnkùlé kó lè yọ ẹyin kan tó fọ́, ooru ibẹ̀ bò ó lọ́wọ́, ó sì dúró gbagidi, nítorí àpótí irin funfun tó fara tì lánàá, èyí tí Déwálé ní ó ń sàba ẹyin, tutù bí omi àmù.