Agogo Tí Kò Dé Ẹ̀pẹ́

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín. Ẹ kà á tán pátápátá, kí ẹ sì kà á sí etí ẹni tí kò mọ̀wé, nítorí òpin rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

1.

Ní ọdún 1954, ìdílé òyìnbó oníwàásù kan ń gbé ní Ìkòròdú: Àlùfáà Bẹ́nẹ́ẹ̀tì, ìyàwó rẹ̀, àti Rúùtù ọmọ wọn, ọmọ ọdún méje tí Yorùbá dùn lẹ́nu rẹ̀ ju òyìnbó lọ. Nọ́ọ̀sì ni Ìyá Rúùtù. Ó máa ń wọkọ̀ ojú omi lọ sí Ẹ̀pẹ́ láti tọ́jú aboyún àti ọmọ ọwọ́. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń tọ́jú, ṣùgbọ́n ta ló ń bi oògùn léèrè ibi tó ti ń gbàdúrà? Rọ̀kíbátù, ìyàwó Súbérù atukọ̀, ti sin ọmọ méjì. Ó tún ti lóyún báyìí, Ìyá Rúùtù sì ti ṣèlérí pé òun ni yóò gbẹ̀bí fún un.

Ẹ wo bí inú gbogbo ènìyàn ti dùn tó nígbà náà! Ìdílé yìí fẹ́ kó lọ sí Ẹ̀pẹ́ pátápátá. Ṣọ́ọ̀ṣì tuntun ti parí níbẹ̀, yàrá ìtọ́jú aboyún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn ará ìjọ Àlùfáà nílùú òyìnbó sì ti fi agogo ńlá kan ránṣẹ́. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e sọ̀ kalẹ̀ ní Ìkòròdú, tí wọ́n ń làágùn, tí wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín.

2.

Olórí àwọn àgbà ìjọ ní Ìkòròdú ni Baba Ìjọ Ògúnsànyà. Aṣọ ló ń tà, ó lawọ́, ó sì fẹ́ràn Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ó tún fẹ́ràn kí ayé máa rí i bó ṣe ń fẹ́ràn Ọlọ́run. Ó ní agogo náà kò gbọdọ̀ wọ Ẹ̀pẹ́ bí àpò gàrí. Ó ní kí káfíńtà kan igi gíga sí àárín ọkọ̀ ojú omi, kí wọ́n so agogo kọ́ sókè rẹ̀, kí òun lè máa lù ú bọ̀ láti ojú ọ̀sà, kí gbogbo Ẹ̀pẹ́ mọ̀ pé Ìkòròdú ń bọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbéra, èbúté Ìpakodò ní Ìkòròdú kún dẹ́múdẹ́mú. Súbérù ti kó àpò iyanrìn sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, bí àwọn atukọ̀ ti máa ń ṣe kí ọkọ̀ má baà máa fì. Ògúnsànyà ní kí wọ́n kó o kúrò, kí àwọn akọrin lè ráyè jókòó.

"Ṣé iyanrìn la fẹ́ gbé lọ fún Olúwa ni?" ló wí. Gbogbo èbúté bú sẹ́rìn-ín.

Súbérù kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹrí ba. "Ẹ má bínú, Baba. Ohun tó bá wúwo, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni ilé ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbé agogo yìí sílẹ̀. Tá a bá ti kọjá Agbówà, atẹ́gùn á dé."

"Súbérù, ìgbà wo lo di Baba Ìjọ?"

Àlùfáà béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ògúnsànyà ní kó fọkàn balẹ̀, pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílẹ̀ yìí nìyẹn. Àlùfáà gbà, torí àlejò ni. Súbérù náà kó iyanrìn rẹ̀ kúrò, torí ọmọdé kì í bá àgbà jiyàn ní gbangba. Bí ọkọ̀ ṣe gbéra nìyẹn.

3.

Ká ní ẹ wà níbẹ̀ ni! Orin gba ojú omi kan, agogo ń dún, àwọn apẹja fi àwọ̀n sílẹ̀, wọ́n ń juwọ́ sí wọn. Rúùtù ń pàtẹ́wọ́, ó ń bẹ Baba Ìjọ pé kó jẹ́ kí òun náà lù ú. Ògúnsànyà dúró gangan nídìí agogo, orí rẹ̀ ń wú.

Wọ́n kọjá Agbówà, atẹ́gùn sì dé. Kì í ṣe ìjì o, atẹ́gùn lásán ni. Ọkọ̀ fì díẹ̀ sí ọ̀tún, agogo fì tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ fẹ́ padà, agogo kò jẹ́ kó padà. Ẹ̀rù ba àwọn akọrin, wọ́n dìde lẹ́ẹ̀kan náà, ọkọ̀ sì dojú dé.

Àwọn apẹja tó ń juwọ́ ni wọ́n sáré wá yọ wọ́n. Rúùtù nìkan ni wọn kò rí. Súbérù tún bẹ́ sómi, ó pẹ́ nísàlẹ̀, ìyá ọmọ ti ń ké. Nígbà tó jáde, ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n tẹ omi kúrò nínú rẹ̀ títí tó fi wúkọ́. Kò sẹ́ni tó kú lọ́jọ́ náà. Agogo ti lọ sísàlẹ̀ ọ̀sà.

4.

Ṣùgbọ́n ikọ́ yẹn kò lọ mọ́. Dókítà l'Ékòó ní kí wọ́n tètè gbé Rúùtù padà sí ìlú òyìnbó. Kí wọ́n tó wọkọ̀ òkun, Ìyá Rúùtù lọ bá Rọ̀kíbátù ní Ẹ̀pẹ́, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Mo ṣèlérí fún ọ," ló wí, ẹkún kò sì jẹ́ kó parí rẹ̀.

"Ẹ máa lọ, Ìyá," ni Rọ̀kíbátù dáhùn. "Èmi náà mọ ohun tọ́mọ jẹ́."

Wọ́n ti ilẹ̀kùn yàrá aboyún pa. Kí nọ́ọ̀sì òyìnbó mìíràn tó dé, Rọ̀kíbátù ti rọbí. Ọlọ́run yọ ìyá, ọmọ kò dúró. Ó dùn mí láti kọ ọ́.

Nígbà tí Ògúnsànyà gbọ́, ó wọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Súbérù tó lè bí lọ́mọ. Súbérù gbé e dìde.

"Baba, n ò ní kẹ́ ẹ dọ̀bálẹ̀," ló wí. "Agogo ni mo ní kẹ́ ẹ gbé sílẹ̀."

Irin àárín táyà ọkọ̀ akẹ́rù tó ti gbó ni wọ́n ń lù pe ènìyàn wá sí ṣọ́ọ̀ṣì Ẹ̀pẹ́ láti ìgbà náà. Wọ́n ní bí Ògúnsànyà bá wá ṣe àlejò níbẹ̀, tí wọ́n bá ti lù ú, ńṣe ni yóò fọwọ́ bojú.

Ìwọ tó ń ka èyí, bí o bá tilẹ̀ jẹ́ àgbà, bí iṣẹ́ Ọlọ́run tilẹ̀ ni o ń ṣe, gbọ́ràn sí ẹni tó mọ ojú omi lẹ́nu, má sì torí kí ayé lè rí ọ ba ohun tí Ọlọ́run ń ṣe jẹ́. Aláṣejù, pẹ́rẹ́ ní í tẹ́.