Dáínámò Lọ́rì Lásísì

Ẹ sún mọ́ mi, kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Lásísì, onílọ́rì kan ní Ìkirè. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í mutí, ṣùgbọ́n ó máa ń fura sí ènìyàn ju bó ti yẹ lọ, ẹnu rẹ̀ kì í sì í mọ àgbà yàtọ̀.

Lọ́rì tó jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ló fi ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àwọn àgbẹ̀ lọ sí Ìbàdàn. Ó ti gbó débi pé irú rẹ̀ kò sí lójú títì mọ́. Lọ́jọ́ kan, dáínámò rẹ̀ jó, bátìrì kò rí iná gbà mọ́, ọkọ̀ bá dúró. Lásísì gbé dáínámò náà lọ bá Bàbá Ọláòṣebìkan, tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ àtijọ́ ní Ìbàdàn.

Bàbá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ó ní, "Fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Irú rẹ̀ wà nínú ẹrù mi nílé, èyí ni n ó fi wá a. Padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Kí ẹ lè tú bàbà inú rẹ̀ tà?" ni Lásísì wí. "Mo ti mọ̀ yín. Olè ni yín."

Ìṣojú gbogbo ọlọ́jà tó wà nítòsí ló ti sọ ọ́. Bàbá nu dáínámò náà, ó gbé e lé e lọ́wọ́.

Lásísì wá irú rẹ̀ dé Òṣogbo, ó wá a dé Èkó. Àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ níbẹ̀ ní àfi ọ̀dọ̀ Bàbá Ọláòṣebìkan ló ti lè rí i. Ìtìjú kò jẹ́ kó padà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń pọ́n lóko, àwọn àgbẹ̀ bá wá ọlọ́kọ̀ mìíràn. Ìgbà tí Ràfátù ìyàwó rẹ̀ kò rí nǹkan gbé kaná mọ́ ló tó gbà láti lọ bẹ Bàbá.

Ó bá ṣọ́ọ̀bù ní títì. Nílé, ìyàwó Bàbá ló rí, nínú aṣọ ọ̀fọ̀.

"Ṣé ìwọ ni Lásísì?" ni màmá náà bi í. "Bàbá bá ọ wá dáínámò náà jáde. Ó ní inú ló ń bí ọ, pé o máa padà wá. Nígbà tó kú, àwọn ọmọ pe àwọn tó ń ra irin àlòkù, wọ́n kó gbogbo ẹrù rẹ̀ lọ."

Lásísì dọ̀bálẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Màmá dárí jì í, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni Lásísì bú. Títí di òní, koríko ń hù láàárín táyà lọ́rì náà, Lásísì sì ń ru ẹrù sínú ọkọ̀ ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má fi ìfura lásán pe ẹnikẹ́ni lólè. Bí ẹ bá sì ti ṣẹ ènìyàn, ẹ tètè lọ bẹ̀ ẹ́ nígbà tó ṣì lè gbọ́.