Kíláàsì Àwọn Tí Kò Gun Yìnyín Rí

Ìbéèrè mẹ́rin péré ló wà nínú fọ́ọ̀mù náà. Delmar Friesen kọ orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ síbi orúkọ, ó sì kọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta síbi ọjọ́ orí. Nígbà tó kan ibi tí wọ́n ti béèrè bóyá ó ti fi bàtà onírin gun yìnyín rí, ó wẹ̀yìn wò, ó sì fa ìlà sábẹ́ "Rárá."

Ọdún kẹrìnlélọ́gbọ̀n rèé tó ti ń sọ pé "Bẹ́ẹ̀ ni."

Nílùú Dunmere, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé Delmar gbá họ́kì orí yìnyín ní Ontario nígbà èwe rẹ̀, àti pé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ tó kán ni kò jẹ́ kó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Irọ́ ni. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí Hilda níbi ijó kan ló pa á, kí ọmọbìnrin náà má baà bojú wo ẹlòmíràn. Hilda fẹ́ ẹ. Irọ́ náà bá wọn wọlé, ó bí, ó sì ń rẹ̀: ọdọọdún ni góòlù tó gbá wọlé ń pọ̀ sí i.

Ní oṣù kẹwàá ni lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ìlú. Wọ́n ti kọ́ pápá yìnyín tuntun tán, wọ́n sì fẹ́ kí àgbà agbáhọ́kì wọn dá yí i ká lẹ́ẹ̀kan kí àwọn ọmọdé tó wọ̀ ọ́, ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù Kejìlá.

Hilda ń bó ọ̀dùnkún lọ́wọ́. "Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kí n wá bá wọn ṣí pápá yìnyín."

"Ṣé wàá lè ṣe é? Bí o ò bá lè ṣe é, kò burú o, Del. Sọ fún wọn. Tàbí kí o sọ fún mi."

"Kí ló fẹ́ mú kí n má lè ṣe é?"

Hilda ń bó ọ̀dùnkún rẹ̀ lọ.

Láràárọ̀ Sátidé, Delmar á ní òun ń lọ wo katakata àlòkù tí wọ́n ń tà, á sì wa ọkọ̀ lọ sí Corvay, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n. Ọmọdé méje àti òun ló wà ní kíláàsì. Kirsten, tó ń kọ́ wọn, kò tíì pé ọmọ ogún ọdún.

"Ẹ tẹ orúnkún, bàbá. Ẹ má wo ẹsẹ̀ yín, iwájú ni kí ẹ máa wò."

Delmar wo iwájú. Kó tó ṣẹ́jú, òrùlé ló ń wò.

"Ìgbà kẹfà nìyẹn o!" Maisie ló sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká. "Bàbá, ṣé ẹ ti ra ilẹ̀ ibẹ̀ yẹn ni?"

"Mú ọwọ́ wá kí o fà mí dìde, kí o yé bú mi bí ìyá àgbà."

Ìdí Delmar dúdú bí aró. Nílé, á rọra jókòó, á máa ṣe bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe.

"Ṣé o rí katakata?" Hilda á bi í.

"Kò tíì sí èyí tó dáa."

"Ṣé kò sí nǹkan kan tó o fẹ́ bá mi sọ?"

"Bíi kí ni?"

Hilda tẹ Trudy, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, láago ní Winnipeg pé kó wá, pé ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ní pápá yẹn, ojú lèèyàn fi ń rí i.

Ní Sátidé kẹfà, Delmar yí pápá ká láìṣubú. Maisie ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Kirsten fún un ní ìwé ẹ̀rí, ó gbá a mọ́ra, ó sì pè é ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Delmar ya ìwé náà wẹ́lẹwẹ̀lẹ níbi tó ti dúró ra epo.

Ọjọ́ pé. Gbogbo Dunmere ló wà níbẹ̀. Ìlà iwájú ni Hilda àti Trudy jókòó sí. Hilda kó ọwọ́ méjèèjì lé itan. Delmar so okùn bàtà onírin rẹ̀, ó sì bọ́ sórí yìnyín. Ó yí i ká lẹ́ẹ̀kan. Orí rẹ̀ wú, ó tún yí i ká lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó máa dúró, ó dábùú ẹsẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí eruku yìnyín fi fò sókè, ariwo sì sọ.

"Ẹsẹ̀ kì í gbàgbé!" bàbá àgbà kan kígbe.

Hilda nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Nínú ọkọ̀, Delmar ń retí kó yìn ín. Hilda di ọwọ́ ọkọ̀ mú, kò ṣáná sí i, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Del, dárí jì mí," ó wí, "láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọ ni mi ò ti gba ọ̀rọ̀ họ́kì yẹn gbọ́ rí, èmi gan-an ni mo lọ bẹ ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n pè ọ́, kí irọ́ lè kúrò nínú ilé wa, àṣé òótọ́ lò ń sọ fún mi láti ọjọ́ yìí wá."